Fèrèsé Tí Mo Tì Mọ́ Ìyàwó Àbúrò Mi

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ojú ewé yìí, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi náà wà lára yín. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn níbí, mo sì máa ń dá sí i. Mo ti pe ènìyàn ní ìkà níbí rí. Lónìí, ó kàn mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣépè fún mi títí ẹ ó fi kà á tán.

Mo ṣe ohun kan sí ìyàwó àbúrò mi, mo sì fi pa mọ́ láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀ sọ. Ọmọ náà ti wọ ilé ìwé girama báyìí. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, mo rò pé mo mọ bí ohun tí mo ṣe ṣe tóbi tó. Mi ò mọ nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ní Àkúrẹ́, dókítà kan là mí lójú, ara mi ò sì tíì balẹ̀ láti ìgbà náà. Ohun tí mo ṣe kò tíì parí, ó ṣì ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé sí yín nìyẹn.

Ọmọ Oǹdó ni mí. Èmi ni àgbà nínú àwọn ọmọ-osú ilé wa, ìyẹn àwa ọmọbìnrin tí wọ́n bí sínú ilé. Nílé tiwa, bí ọmọ-osú bá sọ̀rọ̀, ìyàwó ilé kì í fèsì. Mo fẹ́ràn ipò yẹn. Kí n má parọ́ fún yín, mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an ni. Mo lẹ́nu, mo sì mọ̀ pé mo lẹ́nu. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, èmi ni wọ́n máa ń rán sí ìyàwó tí kò bá gbọ́rọ̀ sí ìyá ọkọ rẹ̀ lẹ́nu, bí mo bá sì ti dé ibẹ̀, gbogbo rẹ̀ á rọlẹ̀ wọ̀ọ̀.

Dàpọ̀ ni àbúrò tó tẹ̀ lé mi, ọmọ ìyá mi. Òun ló ń mójú tó oko kòkó bàbá wa ní ọ̀nà Bọ́lọ́rundúró. Ó fẹ́ Fúnmi, ọmọ Àkúrẹ́, ọmọ jẹ́jẹ́ tí kì í sọ̀rọ̀ sókè. Èmi máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ìyàwó, ṣé a ó máa sún mọ́ ẹ létí ká tó gbọ́ ohun tó o wí ni?" Á rẹ́rìn-ín, á kúnlẹ̀. Ọmọ kan ni wọ́n bí, Ìbùkún.

Dàpọ̀ kú lójijì. Àárọ̀ ló lọ sóko, ó ṣubú nídìí kòkó, wọ́n gbé e wálé, kò jí mọ́. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi pa ojú rẹ̀ dé.

Ìgbà ìkórè ni. Kòkó tí Dàpọ̀ fọ́ gbẹ̀yìn ṣì wà lórí ẹní tó sá wọn sí, òjò sì ń rọ̀ lójoojúmọ́ lọ́sẹ̀ náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ibí yìí, nítorí ibí ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Nílé wa, tí ọkùnrin bá kú, ohun tí ẹbí bá bá nílé rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá jókòó ni wọ́n máa ń pín. Mo ro àwọn ọmọ bàbá wa tí wọn kò tẹ ilẹ̀ oko náà rí. Inú bí mi. Kí àwọn ẹ̀gbọ́n mi tó jókòó, mo rán àwọn alágbàṣe lọ kó kòkó náà sínú àpò, mo ní kí wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Mo kó gbogbo rẹ̀ sí kọ́lọ́fín tó wà nínú yàrá Dàpọ̀, mo sì fa kọ́tìnì bò ó.

Mo ní mo ń tọ́jú rẹ̀ fún Ìbùkún ni. Ohun tí mo sọ fún ara mi nìyẹn. Bóyá òótọ́ ni o, bóyá irọ́ ni, n ò lè sọ fún yín mọ́.

Kòkó náà ò gbẹ dénú. Ọmọ Oǹdó wo ni kò mọ̀ pé kòkó tí kò gbẹ dénú, tí wọ́n bá dì í sápò, bíbu ló máa bu? Mo mọ̀. Mo rò pé tí ìsìnkú bá kọjá, n ó kó o jáde, n ó tún un sá.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì ìsìnkú ni olórí ẹbí ní inú yàrá ọkọ rẹ̀ gan-an ni Fúnmi máa ti ṣe opó fún oṣù mẹ́ta. Ẹ má bi mí bóyá Kìrìsìtẹ́nì ni wá. Àwa ni wá. Àlùfáà gbàdúrà lé e lórí, ó sì jáde, àwa náà wá ṣe èyí tí a máa ń ṣe. Mi ò lè ní kí wọ́n má fi í síbẹ̀, wọn á bi mí pé kí ló wà níbẹ̀.

Wọ́n fi í síbẹ̀. Orí bẹ́ẹ̀dì Dàpọ̀ ló ń sùn, bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ yẹn tí wọ́n fi òwú àràbà kún inú rẹ̀, ogún bàbá wa ni. Ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan kọ́tìnì.

Kò pẹ́ tí òórùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Òórùn kòkó tó bu ò fara sin ní Oǹdó, ẹni tó ń kọjá lọ ní títì á dá a mọ̀. Mo gbé òòlù àti ìṣó, mo sì kan fèrèsé yàrá náà pa láti ìta.

Fúnmi bi mí pé, "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ṣé a ò ní ṣí fèrèsé díẹ̀ ni? Ooru mú mi."

Mo ní, "Opó ulé wa kì í rí ojú ọ̀run kí oṣù mẹ́ta tó pé. Àṣà wa ni."

Irọ́ ni. Kò sí irú àṣà bẹ́ẹ̀ nílé wa. Opó máa ń jókòó sílé lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ti fèrèsé mọ́ ọn rí. Èmi ni mo dá a sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú òòlù lọ́wọ́. Àwọn ìyá àgbà tó wà níbẹ̀ wojú ara wọn. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀, torí pé èmi ni ọmọ-osú àgbà.

Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó parí, Fúnmi ti ń wúkọ́. Ikọ́ gbígbẹ ni, tó ń ti inú wá. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, òtútù á mú un, ara rẹ̀ á gbóná, eyín rẹ̀ á máa lu ara wọn. Nígbà tó yá, kò lè sọ gbólóhùn kan parí kó má dúró mí.

Èmi ni mo máa ń gbé oúnjẹ lọ fún un. Mo máa ń fi ẹja kún ọbẹ̀ rẹ̀ ju ti ẹnikẹ́ni lọ, torí ọkàn ń dá mi lẹ́bi. Bí mo bá ti wọlé, ọ̀nà ọ̀fun mi á máa yún mi, n ó máa sín. Lọ́jọ́ kan tó sùn lọ, mo ká kọ́tìnì náà kúrò. Àwọn àpò náà ti funfun láti òkè délẹ̀. Mo fọwọ́ kan ọ̀kan, eruku funfun bò mí lójú. Mo wẹ̀yìn, mo rí Fúnmi lórí bẹ́ẹ̀dì, ó la ẹnu sílẹ̀, ó ń fi ipá mí.

Mo dá kọ́tìnì náà padà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé mi ò rí i. Mo rí i. Mo kàn sọ fún ara mi pé eruku ni, eruku kì í pa ènìyàn. Àgbẹ̀ kòkó wo ni kò fa eruku símú rí?

Àwọn òbí rẹ̀ gbọ́, wọ́n wá, wọ́n bẹ ẹbí wa, wọ́n gbé e lọ sí Àkúrẹ́ fún ìtọ́jú. Ẹ gbọ́ o, kò lò tó ọ̀sẹ̀ kan nílé bàbá rẹ̀ tí ara rẹ̀ fi yá. Ó ń jẹun, ó ń rìn kiri. Ẹbí wa ránṣẹ́ pé kó wá parí opó rẹ̀. Ó padà wá. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, àyà rẹ̀ ti tún há, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó fọwọ́ ti ògiri, ojú rẹ̀ yọ síta.

Wọ́n tún gbé e lọ. Ó tún yá. Ó tún dé, àìsàn náà tún dì í mú.

Olórí ẹbí wá pe gbogbo wa jọ sí pálọ̀. Ó gbé fìlà rẹ̀ kúrò lórí, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ, ṣé ẹ ò rí i ni? Tí obìnrin yìí bá kúrò nílé ọkọ rẹ̀, ara rẹ̀ á le koko. Tó bá ti wọlé, Dàpọ̀ á dì í láyà mú. Òkú mọ ẹni tó pa òun."

Ọ̀rọ̀ náà bá etí gbogbo wọn mu. Bí ẹ bá wà níbẹ̀, ẹ̀yin gan-an lè gbà á gbọ́, torí ohun tí a fojú rí ni. Wọ́n yíjú sí mi gẹ́gẹ́ bí ọmọ-osú àgbà, pé kí ni mo rí sí i. Èmi nìkan ni mo mọ ohun tó wà lẹ́yìn kọ́tìnì. Mo mirí. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni ó rí."

Bí wọ́n ṣe lé Fúnmi nìyẹn. Wọ́n ní obìnrin tó pa ọkọ kò lè tọ́ ọmọ ọkọ, wọ́n gba Ìbùkún lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì gbé e fún mi. Fúnmi kúnlẹ̀ láàárín ilé, kò bèèrè aṣọ, kò bèèrè ilẹ̀. Ó ní, "Ẹ bùn mi ní bẹ́ẹ̀dì ọkọ mi. Òun nìkan ni mo tọrọ." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo dìde pé kí wọ́n jẹ́ kó gbé e. Mo gbé bẹ́ẹ̀dì náà síta fúnra mi, mo sá a sí oòrùn títí tí àmì dúdú dúdú tó wà lára rẹ̀ fi lọ, mo fi igi lù ú, mo ran ibi tó ya, mo sì wá ọkọ̀ tó máa gbé e dé Àkúrẹ́.

Mo rò pé oore kan ṣoṣo tí mo ṣe nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Mo máa ń fi tu ara mi nínú.

Kòkó náà ńkọ́? Kò sí ẹni tó mọ̀ pé ó wà lẹ́yìn kọ́tìnì. Gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́. Mo dáná sun ún lẹ́yìnkùlé nígbà tí gbogbo ilé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọdún ń gorí ọdún. Fúnmi gba yàrá kan ní Arákalẹ̀, ní Àkúrẹ́, ó ń rán aṣọ ilé ìwé fún àwọn ọmọdé. Ikọ́ náà kò fi í sílẹ̀ pátápátá. Ó máa ń lọ díẹ̀, á tún padà, ó sì ń burú sí i lọ́dọọdún. Ó máa ń pè mí láti bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, mo sì máa ń gbé fóònù fún Ìbùkún láìjẹ́ kí ẹbí mọ̀. Ní họlidé, mo máa ń dọ́gbọ́n mú ọmọ náà lọ rí i, ká sì padà lọ́jọ́ náà. Ti ọdún yìí nìkan ni mo ṣèlérí pé ọmọ náà á lò lọ́dọ̀ rẹ̀. Fúnmi máa ń sọ pé, "Àǹtí mi, ẹ̀yin nìkan lẹ ò jẹ́ kí n kú nínú ulé yẹn." N ó ní, "Má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́."

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló pè mí. Ó ń mí láàárín ọ̀rọ̀. Ó ní dókítà tuntun kan tó ń tọ́jú òun fẹ́ rí ẹnìkan láti ilé tí àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀, òun ò sì lẹ́lòmíràn tí òun lè pè. Mo wọ mọ́tò láti Oǹdó láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Nígbà tí mo rí i ní ọsíbítù, mi ò kọ́kọ́ dá a mọ̀. Mo rò pé ìyá rẹ̀ ni. Rọ́bà tín-ín-rín wà nímú rẹ̀ tó ń fa afẹ́fẹ́ wá láti inú àgbá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Ó fẹ́ kúnlẹ̀ kí mi, dókítà sáré dá a dúró. Obìnrin tí mo fi ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá dàgbà jù!

Dókítà náà kéré lọ́jọ́ orí, ọmọ Ìkàrẹ́ ni. Ó ń pè mí ní Mọ́mì. Ó bi mí pé, "Mọ́mì, yàrá tí wọ́n fi Àǹtí yìí sí nígbà tí wọ́n ń ṣe opó, ṣé ohunkóhun tó bu wà níbẹ̀? Oúnjẹ, kòkó, ewéko, ẹní tó tutù? Àbí ẹ ń sin ẹyẹ nítòsí ibẹ̀?"

Kí n tó ronú, ẹnu mi ti ní, "Rárá o. Yàrá tó mọ́ tónítóní ni."

Fúnmi ní, "Dókítà, mo ti sọ fún yín. Àǹtí mi kì í jẹ́ kí ibẹ̀ dọ̀tí."

Ó kọ̀wé díẹ̀. Fúnmi wá sọ̀rọ̀ kan tí mi ò rò pé n ó gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láé. Ó ní, "Dókítà, ẹ má bínú. Ṣé kì í ṣe ọkọ mi ló dì mí láyà mú? Mo ti ro ó títí. Bóyá mo ṣẹ̀ ẹ́ lọ́nà kan tí mi ò rántí."

Ọmọ tí kò ṣe nǹkan kan. Ó ti gbà á gbọ́. Àwa la gbìn ín sí i lọ́kàn, ó sì ti hù.

Dókítà ní, "Kì í ṣe ọkọ yín, mà. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé." Ó fọwọ́ sí àyà ara rẹ̀. Ó ní inú ẹ̀dọ̀fóró gbogbo wa, àwọn ẹ̀ṣọ́ kan wà tí a bí mọ́ wa. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn níṣẹ́. Wọn kò mọ ènìyàn, wọn kò mọ ọ̀rẹ́. Ara wọn ní nǹkan kan bí ọwọ́, risẹ́pítọ̀ ni àwọn oníṣègùn ń pè é, òun ni wọ́n fi ń fọwọ́ ba ohun tó bá bá èémí wọlé. Bí wọ́n bá fọwọ́ kan èèpo ara èbu, ìyẹn ohun funfun tó ń hù lára nǹkan tó bu, wọ́n á dá a mọ̀, wọ́n á figbe ta. Igbe yẹn ló ń pe àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ wá jà.

Ó ní, "Tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan, wọ́n á jà, wọ́n á tún ibẹ̀ ṣe, wọ́n á sinmi. Ṣùgbọ́n tí èbu bá ń wọlé pẹ̀lú gbogbo èémí, tọ̀sán-tòru, igbe yẹn kò ní dákẹ́. Ogun á bẹ̀rẹ̀ sí í jó ilé tí wọ́n ní kí wọ́n ṣọ́. Ibi tó bá jó á di àpá. Àpá kì í fẹ̀ bí ènìyàn bá ń mí. Èyí tó burú jù ni pé ẹran ara tó bá ya nínú ìjà náà, àwọn ọwọ́ yẹn lè fọwọ́ bà á kí wọ́n tún kígbe. Wọ́n á wá máa kígbe tara wọn."

Mo bi í pé kí ló dé tí àwa tó ń wọ yàrá náà kò fi ṣàìsàn. Ó ní wíwọlé-jáde kò dà bíi kí ènìyàn máa sùn níbẹ̀, àti pé ẹ̀ṣọ́ tẹnìkan á máa yára gbaná jẹ, ti ẹlòmíràn á ní sùúrù.

Ó wá ní, "Àìsàn yìí máa ń rọ̀ tí ènìyàn bá kúrò níbi tí nǹkan náà wà, á sì gbé orí tó bá padà síbẹ̀." Mo tún gbọ́ ohùn olórí ẹbí wa létí mi: *Tó bá kúrò, ara rẹ̀ á le. Tó bá wọlé, á dì í mú.* Ọ̀rọ̀ kan náà ni! Ohun kan náà tí a fi dá a lẹ́bi ló yẹ ká fi dá a láre.

"Ohun tó rú mi lójú," dókítà ní, "ni pé ó ti kúrò nílé yẹn láti ọjọ́ pípẹ́. Ó yẹ kó ti rọ̀ ju báyìí lọ. Oògùn tí mo fún un láti fi pa igbe náà lẹ́nu mọ́ kò ṣiṣẹ́ tó. Ohun kan ṣì ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo ti bi í léèrè ògiri, ẹyẹ, oúnjẹ, aṣọ tó ń rán. Mi ò rí i. Tí a kò bá rí i, Mọ́mì, àpá yẹn á gba gbogbo rẹ̀."

Mi ò mọ ìgbà tí mo la ẹnu. Mo ní, "Dókítà, tí wọ́n bá sá nǹkan tó bu sí oòrùn dáadáa, tí wọ́n lù ú, tí ojú ò rí nǹkan kan mọ́ lára rẹ̀, ṣebí èbu yẹn á kú?"

Ó ní, "Ó lè kú, mà. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀ṣọ́ yẹn kì í yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó wà láàyè. Èèpo rẹ̀ ni wọ́n ń fọwọ́ bà. Òkú èbu náà tó láti mú kí wọ́n kígbe. Pàápàá nínú òwú tàbí ìrọ̀rí, kì í tán nínú rẹ̀." Ó wò mí. "Kí ló dé tí ẹ fi bi mí?"

Mo ní ó kàn wá sí mi lọ́kàn ni.

Mo tún purọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì, lórí àga kan náà.

Nígbà tí wọ́n yọ rọ́bà náà kúrò nímú Fúnmi, èmi ni mo sin ín dé ilé ní Arákalẹ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, mo sì fi ojú tuntun rí i. Bẹ́ẹ̀dì Dàpọ̀. Aṣọ òdòdó tó mọ́ ló tẹ́ lé e. Ibi tí mo ran lọ́jọ́ náà ṣì wà níbẹ̀, òwú dúdú tí mo fi ran án ni. Fúnmi dùbúlẹ̀ láti sinmi, ó yí ojú sí bẹ́ẹ̀dì náà, ó fi imú sínú rẹ̀, ó mí wọlé. Gbogbo ọdún wọ̀nyí! Oore tí mo fi ń tu ara mi nínú!

Ó yẹ kí n pariwo. Ó yẹ kí n gbé e kúrò lórí rẹ̀. Mo ní mo gbàgbé nǹkan lọ́jà, mo jáde, mo lọ ra bẹ́ẹ̀dì fóòmù tuntun tó dára jù tí mo rí, mo ní kí wọ́n gbé e lọ fún un, mo sì wọ mọ́tò padà sí Oǹdó. Mo rò pé mo ti rí ọ̀nà tí mo lè gbà tún un ṣe láìla ẹnu.

Lánàá, Fúnmi pè mí. Ó ń sunkún ayọ̀. Ó ní, "Àǹtí mi, Ọlọ́run á tẹ́ bẹ́ẹ̀dì àlàáfíà fún yín. Mo ti tẹ́ fóòmù yín sílẹ̀ de Ìbùkún, torí ẹ ti ní kó wá lo họlidé yìí lọ́dọ̀ mi. Èmi ò lè kúrò lórí ti ọkọ mi o. Ẹ̀yin lẹ bá mi gbà á lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí ikọ́ bá dé, tí mo bá fojú sínú rẹ̀, ó máa ń dà bí ẹni pé ó gbọ́ pé mi ò pa òun."

Mo pa fóònù.

Kò sí ọgbọ́n tó kù fún mi mọ́. Kò sí bí mo ṣe lè ní kó jó bẹ́ẹ̀dì yẹn níná tí kò ní bi mí pé nítorí kí ni. Mo ní láti sọ kòkó, kí n sọ kọ́tìnì, kí n sọ ìṣó tí mo fi kan fèrèsé. Tí mo bá sọ ọ́, mo pàdánù Ìbùkún. Màmá ló ń pè mí. Mo mọ̀ pé ọmọ rẹ̀ ni, ìyá rẹ̀ ló sì ni ín, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, mo nífẹ̀ẹ́ ọmọ náà. Ẹbí mi á ní orí mi ti dàrú, tàbí kí wọ́n ní kí n gbé e mì títí n ó fi wọlẹ̀. Tí mo bá dákẹ́, obìnrin yẹn á kú lórí oore mi, wọn á sì tún ní Dàpọ̀ ló wá mú un.

Ohun mìíràn tún wà tí mi ò tíì sọ. Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi kan kú. Mo dé ilé rẹ̀, mo bá fèrèsé yàrá opó rẹ̀ ní títì pa. Mo bèèrè pé ta ló tì í. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ-osú kékeré ní, "Àǹtí, ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ pé àṣà wa ni." Mi ò ní kí wọ́n ṣí i.

Ìka tó tọ́ sí imú la fi ń ro imú. Èmi ni mo tì í, èmi náà ló yẹ kó ṣí i. Mo mọ̀. Ohun tí mi ò mọ̀ ni ẹni tí mo máa kọ́kọ́ sọ ọ́ fún. Ṣé kí n kọ́kọ́ pe dókítà, kó lè yára tọ́jú rẹ̀? Ṣé kí n pe ẹbí jọ sí pálọ̀ kan náà tí mo ti mirí, kí wọ́n lè mọ̀ pé Fúnmi kò pa ẹnikẹ́ni? Àbí kí n kúnlẹ̀ fún òun fúnra rẹ̀, èmi tí òun máa ń kúnlẹ̀ fún? Ẹ̀yin tí irú èyí bá ti ṣẹlẹ̀ sí rí, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ènìyàn máa ń sọ? Ẹ bú mi tó bá yẹ kí ẹ bú mi. Mi ò ní fèsì.

Fóònù wà lọ́wọ́ mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Mo ti tẹ nọ́ńbà rẹ̀, mo ti pa á, mo ti tún un tẹ̀. Ẹ bá mi yára dáhùn. Oòrùn ti ń wọ̀, Fúnmi kì í sì pẹ́ kó tó lọ dùbúlẹ̀.